ABDUR-RAHMAN AD-DAKHIL, ÌSÁǸSÁ TÓ KỌ́ MỌ́SÁLÁSÍ KỌ́DÓBÀ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti rí àwòrán mọ́sálásí ńlá Kọ́dóbà ní ilẹ̀ Sípéènì, èyí tí òpó inú rẹ̀ pọ̀ bí igi oko ọ̀pẹ. Ẹni tó pilẹ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí.

Ilẹ̀ Shaam ni wọ́n bí Abdur-Rahman sí ní ọdún 731, nínú ìdílé Umayyah tó ń jọba nígbà náà. Ní ọdún 750, àwọn ọmọ Abbas gba ìjọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìdílé rẹ̀ bí ẹni pa adìẹ. Òun àti àbúrò rẹ̀ bẹ́ sínú odò Furati. Àwọn ọmọ ogun ń pè wọ́n láti etí odò pé àwọn kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Àbúrò gbà wọ́n gbọ́, ó yí padà. Ìṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á.

Lẹ́yìn ọdún bíi márùn-ún tí òun àti Badr, ìránṣẹ́ rẹ̀, ti ń sá kiri, ó gúnlẹ̀ sí Andalus ní 755, ó sì di ọba ibẹ̀ ní 756. Kì í ṣe ẹni tó rọ̀ o! Ìtàn sọ pé ó gba dúkìá Badr yìí kan náà nígbẹ̀yìn, ó sì lé e jìnnà. Ìyẹn kò dùn mọ́ wa nínú rárá.

Àárò ilé kò fi í sílẹ̀. Ó kọ́ ààfin sẹ́yìn Kọ́dóbà, ó pè é ní Rusafah, orúkọ ibi tí Hisham, bàbá bàbá rẹ̀, ń gbé ní Shaam. Wọ́n ní ó kéwì fún igi dàbínù kan níbẹ̀ tí òun náà jẹ́ àjèjì bíi tirẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́sálásí náà ní 785 (169 Hijrah), òpó àwókù ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì kúrú jù fún ilé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kí ni àwọn kọ́lékọ́lé ṣe? Wọ́n gbé òpó mìíràn lé orí òpó, wọ́n sì fi òkúta funfun àti bíríkì pupa tẹ ọrun méjì, ọ̀kan lókè èkejì, láti òpó dé òpó. Ti ìsàlẹ̀ tẹ̀ wọnú bí irin pátákò ẹṣin. Àìtó òpó ló bí ẹwà tí gbogbo ayé fi mọ ilẹ̀ Sípéènì dòní.

Ó kú ní 788. Hisham ọmọ rẹ̀ ló parí iṣẹ́ náà, ìgbà tirẹ̀ náà sì ni mazhab Imaamu Maaliki tí àwa ń tẹ̀ lé fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọba mìíràn fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wọn. Ní 1236 àwọn Kristẹni gba Kọ́dóbà, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì. Òpó tó lé ní 850 ṣì wà níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ni àlejò ń rà wọlé, wọn kò sì gba Mùsùlùmí láyè láti kírun nínú rẹ̀.