Houphouët-Boigny, owó kòkó àti òkúta Anyama: Ààrẹ tó kú kí ìwádìí tó parí

Ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni Félix Houphouët-Boigny, Ààrẹ àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, dágbére fáyé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni orílẹ̀-èdè náà máa ń ṣe àjọ̀dún òmìnira nígbà ayé rẹ̀.

Nígbà tó fi máa kú, àwọn onímọ̀ ti wú àwọn òkúta kan jáde nílẹ̀ ní Anyama, ìlú tí òwò obì sọ di olókìkí ní àríwá Abidjan. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí òkúta náà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ayé tó mọ̀ ọ́n.

Ìdílé olóyè Baoulé ni wọ́n bí i sí ní Yamoussoukro. Àkọsílẹ̀ ìjọba ní oṣù Kẹwàá ọdún 1905 ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ gbà pé ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba ipò kìíní nígbà tó jáde níléẹ̀kọ́ ìṣègùn Dakar ní 1925. Síbẹ̀, ìjọba amúnisìn kò ka àwọn aláwọ̀ dúdú tó kàwé níbẹ̀ sí dókítà gidi. Olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n ń pè wọ́n, owó oṣù wọn kò sì tó ti òyìnbó.

Ó tọ́jú aláìsàn ní Guiglo, Abengourou, Dimbokro àti Toumodi, ó sì ń dá oko kòkó àti kọfí. Ní 1944, òun àtàwọn àgbẹ̀ bíi tiẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, torí ìjọba ń fipá kó òṣìṣẹ́ lọ sóko òyìnbó. Nígbà tó di 1946, tó ti di aṣòfin ní Paris, òfin tó gbé kalẹ̀ fòpin sí iṣẹ́ tipátipá yìí ní gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Ní 1957, wọ́n fi í ṣe mínísítà ètò ìlera nínú ìjọba Faransé. Olùrànlọ́wọ́ dókítà àná wá di ọ̀gá fáwọn dókítà òyìnbó.

Ìjọba méjì, àpò kan

Nígbà tí Guinea kọ̀ fún Faransé ní 1958, ńṣe làwọn òyìnbó kó ẹrù wọn kúrò níbẹ̀. Houphouët-Boigny kò tọ ọ̀nà yẹn. Ó fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Faransé ní 1961, ìjọba méjèèjì sì jọ ń dáwó sí ìwádìí.

Ọ̀kan lára ibi tí èrè rẹ̀ ti hàn ni La Mé, ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí kò jìnnà púpọ̀ sí Anyama. Láti 1946 ni La Mé ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ irúgbìn pẹ̀lú Congo, Malaysia àti Pobè, ìlú tí Yorùbá ń gbé lórílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n rí i pé ọmọ tí ọ̀pẹ Éṣíà bá bá ọ̀pẹ Áfíríkà bí máa ń mú epo wá ju àwọn òbí rẹ̀ lọ. Láti 1963 ni ìjọba Houphouët-Boigny ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbin ọ̀pẹ yanturu ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà.

Àwọn kan ta kò ó pé òyìnbó ló ń darí ibùdó wọ̀nyí, àti pé ohun tí wọ́n ń tà sókè òkun gba iwájú iṣu àti gbágùúdá tí aráàlú ń jẹ. Ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe irọ́.

Kòkó ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró, òun náà ló sì jẹ́ kí Abidjan rọrùn fún ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò tó lọ ṣòwò níbẹ̀. Nígbà tí ọjà kòkó já lulẹ̀, ìjọba kéde ní 1987 pé òun kò lè san gbèsè mọ́. Ní 1989, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lórí kílò kan wálẹ̀ láti 400 sí 200 fáráǹkì. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n parí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Yamoussoukro, tí Ààrẹ ní owó ara òun lòun fi kọ́.

Bété I

Houphouët-Boigny kò fẹ́ràn ìjọba kọ́múníìsì. Ó já okùn àjọṣe pẹ̀lú Soviet Union ní 1969, ó di 1986 kó tó so ó padà. Síbẹ̀, ikọ̀ àjọṣe Côte d'Ivoire àti Soviet Union gbẹ́lẹ̀ ní Anyama láàárín àwọn ọdún 1980, níbi tí wọ́n ń pè ní Bété I. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yodé Guédé wà níbẹ̀. Wọ́n rí òkúta táwọn èèyàn àtijọ́ gbẹ́ fi ṣe irinṣẹ́, àmọ́ ìmọ̀ ìgbà yẹn kò lè sọ ọjọ́ orí wọn. Soviet Union tú ká ní 1991, Ààrẹ náà sì kú lẹ́yìn ọdún méjì.

Ní 2012, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì tó wà ní Cocody. Yunifásítì yìí kan náà ni Guédé ti padà sí Anyama ní 2020, pẹ̀lú àwọn olùwádìí Max Planck ti Jámánì, àjọ tó jẹ́ pé ìjọba ibẹ̀ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Wọ́n wá kòtò àtijọ́ náà rí. Wọ́n yẹ horo iyanrìn wò láti mọ ìgbà tí oòrùn ti kàn án gbẹ̀yìn, wọ́n sì wá àmì ewé àti ìràwé nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀.

Èsì tó jáde nínú Nature ní oṣù Kejì ọdún 2025 fi hàn pé èèyàn ti gbé inú igbó kìjikìji níbẹ̀ ní nǹkan bí 150,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣáájú èyí, ẹ̀rí tó dájú tó lọ́jọ́ lórí jù nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà kò ju nǹkan bí 18,000 ọdún lọ.

Lẹ́yìn táwọn olùwádìí kúrò níbẹ̀, àwọn tó ń wa ilẹ̀ tà gbẹ́ ibẹ̀ dànù. Kò sí Bété I mọ́.