Theodore Maiman: Ọkùnrin Tó Kọ́kọ́ Tan Iná Lésà

  Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ti ara yín ṣubú, ẹ jẹ́ ká jọ kà á.

Ẹni tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe olóṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà ni. Theodore Harold Maiman lorúkọ rẹ̀. Ted ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2007, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Òun ló kọ́kọ́ ṣe iná tí ìwé Físíìsì wa ń kọ ní laser, tí ẹnu wa ń pè ní lésà.

Mo yàn án nítorí pé Ọ̀fà la wà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó sanra jù ló máa ń dá ẹnì kejì. Ọgbọ́n ọwọ́ àti ọgbọ́n ẹsẹ̀ ni. Bí Maiman ṣe ja ìjà tirẹ̀ nìyẹn, ẹ ó rí i.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Wọ́n bí Maiman ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1927 ní ìlú Los Angeles, ṣùgbọ́n ìlú Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado ló ti dàgbà. Ẹnjiníà iná mànàmáná ni Abraham, bàbá rẹ̀. Bàbá yìí ní ibì kan nínú ilé tó ti máa ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò, ọmọ rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé ni Maiman tó ti ń tún rédíò àti àwọn ohun èlò iná ṣe fún àwọn èèyàn. Owó tó ń rí níbẹ̀ ló ń tọ́jú láti fi lọ sí yunifásítì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó ti àwọn tó ń tún fóònù ṣe lẹ́yìn ilé ìwé, ṣé ẹ gbọ́?

Ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi fúngbà díẹ̀ nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí lọ. Lẹ́yìn náà ó kàwé ní Yunifásítì Colorado, ó gboyè ní 1949. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Yunifásítì Stanford, ó sì di ọ̀mọ̀wé nínú Físíìsì ní 1955. Willis Lamb ló tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún yẹn gan-an. Ohun tí Maiman kọ́ lọ́dọ̀ Lamb ni bí èèyàn ṣe ń wọn agbára inú átọ́ọ̀mù láìfi ti àbá ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó máa wúlò níwájú.

Ní 1956, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí Hughes ní California. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ maser fún un. Maser ni ẹ̀gbọ́n lésà: ìgbì bíi ti rédíò ló ń lò dípò ìmọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ní kó tún ṣe fún àwọn ológun wúwo tó tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀. Maiman dín in kù títí tí kò fi tó kílò méjì! Òkúta pupa kan tí wọ́n ń pè ní rúbì ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ló sì ti mọ òkúta yìí bí ẹní mowó.

IRÚ INÁ WO NI LÉSÀ?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ kí n ṣàlàyé, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tí lésà jẹ́ kò lè mọ ohun tí Maiman ṣe.

Ẹ wo bí a ṣe máa ń jáde tí aago ìparí ẹ̀kọ́ bá dún. Oníkálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀, ẹsẹ̀ ò papọ̀, aṣọ ò papọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ṣe rí nìyẹn. Ẹ wá wo ọjọ́ ìdíje eré ìdárayá, nígbà tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń yan kọjá níwájú àwọn àlejò: aṣọ kan náà, ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà kan náà. Bí ìmọ́lẹ̀ lésà ṣe rí nìyẹn.

Ohun mẹ́ta ló ń mú un rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni ohun tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Ti Maiman jẹ́ òkúta líle, rúbì. Nínú rúbì, chromium díẹ̀ wà. Òun ló sọ òkúta náà di pupa. Èkejì ni ohun tí yóò fún òkúta náà lágbára, ìyẹn iná fíláàṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an. Àwọn átọ́ọ̀mù chromium á gbé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé àti búlúù mì, wọ́n á fò sókè, wọ́n á wá bọ́ sórí ohun tí mo lè pè ní pèpéle, wọ́n á dúró síbẹ̀. Tí a bá pín sẹ́kọ́ǹdù kan sí ọ̀nà 1,000, bíi mẹ́ta níbẹ̀ ni wọ́n ń lò lórí pèpéle yìí. Lójú tiwa, kò tó nǹkan. Lójú átọ́ọ̀mù, ó pẹ́ bí ọjọ́ ìdánwò. Bí ìmọ́lẹ̀ pupa kan bá wá ń kọjá lọ lára átọ́ọ̀mù tó dúró sórí pèpéle, átọ́ọ̀mù náà á tu ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, á sì bá ti àkọ́kọ́ lọ, àwọ̀ kan, ìgbésẹ̀ kan. Ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Albert Einstein ti ṣe ìṣirò èyí sílẹ̀ láti nǹkan bíi 1917.

Ẹ̀kẹta ni dígí méjì tó kọjú síra wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gẹ irun rí ní ṣọ́ọ̀bù tó ní dígí níwájú àti lẹ́yìn á ti rí i: orí rẹ̀ á máa tò lọ bí ẹni pé àwòrán náà ò lópin. Ṣùgbọ́n bí dígí kan bá tẹ̀ síbì kan díẹ̀, àwọn àwòrán náà á wọ́, wọ́n á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú lésà, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ kó máa bọ̀ láàárín òkúta náà, kó lè máa pọ̀ sí i. Bí dígí ò bá kọjú síra wọn gẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ á sá gba ẹ̀gbẹ́ jáde kó tó dàgbà, gbogbo agbára tí a lò á sì ṣòfò.

ÌJÀKADÌ NÁÀ

Ní ìparí 1958, Charles Townes àti Arthur Schawlow kọ ìwé jáde lórí bí èèyàn ṣe lè ṣe irú iná yìí. Kíá, eré ìje bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé ìwádìí ńláńlá wọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ kan gba nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ ìjọba fún un. Nǹkan bíi 50,000 dọ́là ni Hughes fún Maiman, Irnee D'Haenens sì ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Wàhálà tó tún wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti ní rúbì ò dáa. Onímọ̀ kan ti kọ ọ́ jáde pé nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tí rúbì bá gbé mì, ọ̀kan péré ló ń dá padà ní pupa. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò sí fìtílà tó lè mú un ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gba ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n pa rúbì tì.

Maiman ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ 99 yòókù ń gbà lọ, kó lè wá òkúta mìíràn tí kò ní àléébù yẹn. Ìgbà tó wọ̀n ọ́n tán, ó rí i pé kò sí ibì kankan tí wọ́n ń lọ: nǹkan bíi 75 nínú 100 ló ń padà wá! Nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé, àṣìṣe ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ fìtílà. Fìtílà tó ń tàn láìdáwọ́ dúró ni àwọn yòókù ń wá. Maiman rò ó pé tí iná náà bá ṣáà ti lè bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì mọ́lẹ̀ tó, ó tó òun. Ó yẹ ìwé àwọn tó ń ta fìtílà wò, ó rí fíláàṣì kan tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ fọ́tò, tó lọ́ bíi sípíríǹgì. Ó rà á. Ó ki rúbì kékeré kan, tí kò ju orí ìka lọ, sí àárín sípíríǹgì náà, ó sì fi agolo aluminium tó ń dán bo gbogbo rẹ̀. Kápásítọ̀ ló ń kó iná jọ fún un bí àgbá ṣe ń kó omi òjò jọ, tí yóò wá da gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Dígí ńkọ́? Ibí gan-an lọgbọ́n wà. Wọ́n ha orí àti ìdí òkúta náà tẹ́jú, tí méjèèjì bára mu bí irin méjì tó gba ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin Ọ̀fà kọjá. Wọ́n fi fàdákà kùn wọ́n, wọ́n sì dá ojú ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè gbabẹ̀ jáde. Dígí ò sí lọ́tọ̀. Ara òkúta ló wà, kò sí bó ṣe lè yẹ̀.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, ní Malibu, Maiman àti D'Haenens tan fíláàṣì náà, wọ́n ń fi iná kún un díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ń wo ìlà tí ẹ̀rọ ń yà. Lójijì, ìlà náà fò sókè ṣánṣán. Lésà ti tàn. D'Haenens kì í rí àwọ̀ pupa dáadáa, àmọ́ pupa ọjọ́ yẹn le débi pé òun náà rí i.

WỌN Ò TÈTÈ GBÀ Á GBỌ́

Ìwé ìròyìn Físíìsì tí Maiman kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ ọ́. Ìwé Nature ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1960. Gbogbo ohun tó kọ ò gùn tó ìdá mẹ́rin ohun tí ẹ ń kà yìí. Ó kù díẹ̀ kó pé oṣù méjì sí i, Nàìjíríà gba òmìnira. Ẹgbẹ́ ni lésà àti orílẹ̀-èdè wa.

Àwọn oníròyìn ní tiwọn ń pariwo pé ohun ìjà tó ń pa èèyàn ti dé. Fọ́tò tí wọ́n sì gbé jáde kì í ṣe ti ẹ̀rọ àkọ́kọ́: òkúta tó tóbi jù ú lọ ni ayàwòrán mú, torí pé ó wù ú. Síbẹ̀, àwọn ilé ìwádìí mìíràn wo fọ́tò náà, wọ́n ra irú fíláàṣì inú rẹ̀, wọ́n ṣe tiwọn, tiwọn náà sì tàn. Ẹnu àwọn tó ń ṣiyèméjì pa mọ́.

Ní oṣù Kejìlá 1961, àwọn dókítà ní New York ti ń fi lésà rúbì tọ́jú ojú aláìsàn. Ní 1969, ìmọ́lẹ̀ lésà rúbì lọ bá dígí tí àwọn ará Apollo 11 gbé sórí òṣùpá, ó sì padà sáyé. Maiman fúnra rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Korad sílẹ̀ ní 1962, ó ń ṣe lésà tà.

Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ti lésà àti maser ní 1964, Townes àti àwọn ará Rọ́ṣíà méjì, Basov àti Prokhorov, ló gbà á. Wọn ò pe Maiman. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sì já sí bẹ́ẹ̀ lásán: ó gba ẹ̀bùn Japan Prize ní 1987, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 2000. Vancouver ní Kánádà ló kú sí, ẹni ọdún 79.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TO DÍGÍ LÓDE ÒNÍ

Nínú ọ̀pọ̀ lésà òde òní tí wọ́n fi òkúta líle ṣe, dígí ti kúrò lára òkúta, ó dá dúró, ó ní skúrù lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó á kọ́kọ́ wọ awò ìdáàbòbò. Á mú lésà mìíràn tí kò lágbára, á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba ojú ihò kékeré kan kọjá, kó gba àárín gbùngbùn òkúta náà. Á gbé dígí ẹ̀yìn síbẹ̀, á máa yí skúrù títí ìmọ́lẹ̀ tó padà yóò fi bọ́ sínú ihò tó ti jáde gẹ́lẹ́. Á ṣe bẹ́ẹ̀ fún dígí iwájú. Lẹ́yìn náà ló máa tan lésà gan-an, pẹ̀lú agbára díẹ̀, sára bébà dúdú. Bí àpá tó jó bá rí roboto, ó ti tọ́. Bó bá rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, skúrù ṣì kù. Sùúrù ni gbogbo rẹ̀.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÁ MÚ NÍBẸ̀

Lésà ò jìnnà sí wa mọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì inú fóònù wa ń gba inú okùn gíláàsì abẹ́ òkun wọ Èkó, ìmọ́lẹ̀ lésà kékeré ló sì ń gbé e. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa bí ohun ìṣeré lọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án sójú ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yan papọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jó ẹ̀yìn ẹyinjú, ojú ò sì ní ìpààrọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù rèé. Tí a bá wọ yàrá ìṣàyẹ̀wò Físíìsì, àwọn kan nínú wa kì í wọn nǹkan kan. Ìwé àwọn ti ọdún tó kọjá ni wọ́n ń dà kọ, nítorí pé ẹni tó kọ ọ́ gba máàkì tó pọ̀. Ká ní Maiman da nọ́ńbà onímọ̀ yẹn kọ, rúbì ì bá wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹlòmíràn ì bá gba ìyìn lọ. Rúlà wa lè ti gé lórí, aago wa lè máa dúró, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ló lè fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lé lórí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, SS2 ní ìṣàyẹ̀wò pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n.

Ó dìgbà kan ná. Èmi ni akọ̀ròyìn yín láti ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn.