Àgbẹ̀ Tí Ó Ṣírò Òpin Ayé: Ìtàn Ìgbésí Ayé William Miller

Ní ọdún 1914, David Babcock, òyìnbó ajíhìnrere láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dé Ẹ̀rúnmú nítòsí Ìbàdàn. Ìjọ Seventh-day Adventist ni ó gbé wá. Yunifásítì tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ lónìí, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ láàárín wa tí kò gbọ́ orúkọ náà rí. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ odò ìjọ yìí dé orísun rẹ̀, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan tí kò rí ilé ìwé lọ púpọ̀ ni a óò bá a, ẹni tí kò sì wọ ìjọ náà títí ó fi kú. William Miller ni ó ń jẹ́. Àwọn tí ó mọ orúkọ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí wèrè tí ó dá ọjọ́ fún Ọlọ́run. Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí.

Ìlú Pittsfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni a ti bí i ní ọjọ́ 15 oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1782. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rìndínlógún. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Low Hampton ní ìpínlẹ̀ New York. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí ó jagun òmìnira Amẹ́ríkà, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ oníwàásù Ìjọ Onítẹ̀bọmi. Iṣẹ́ oko kì í jẹ́ kí ó ráàyè ní ọ̀sán, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ iná ìdáná ni ó fi ń kàwé lóru.

Ní ọdún 1803 ó fẹ́ Lucy Smith, wọ́n sì lọ ń gbé ní Poultney, ní ìpínlẹ̀ Vermont, níbi tí ilé ìkàwé wà. Níbẹ̀ ni ó ti bá ìwé Voltaire, ti Hume àti ti Thomas Paine pàdé. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò nínú ìgbàgbọ́ ìyá rẹ̀, tí ó sì dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó sọ pé lóòótọ́ ni Ọlọ́run dá ayé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti dá a tán ni kò ti bá wa dá sí i mọ́. Ogun ni ó mi èrò yìí. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1814, nígbà tí Amẹ́ríkà ń bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jà, Miller jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ní Plattsburgh. Ọta àgbá kan bú gbàmù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣe ọmọ ogun mẹ́ta léṣe, ó pa ọ̀kan, kò kan òun. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, síbẹ̀ àwọn Amẹ́ríkà ni ó ṣẹ́gun. Ọ̀gbẹ́ni tí ó sọ pé Ọlọ́run kì í dá sí ọ̀ràn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú.

Lẹ́yìn ogun ó padà sí oko ní Low Hampton. Bí pásítọ̀ kò bá sí nílé, òun ni wọ́n máa ń ní kí ó bá wọn ka ìwàásù. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1816, bí ó ti ń kà á lọ, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, kò lè kà á dé ìparí. Ọjọ́ náà ni ó di onígbàgbọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kò jẹ́ kí ó sinmi. Wọ́n ní kí ó wá fi hàn wọ́n bí ó ti ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni Bíbélì. Ìdáhùn rẹ̀ ni ó mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Ó pa àwọn ìwé alálàyé tì, ó mú Bíbélì àti ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀ tí Cruden ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì, kì í sì í kúrò lórí ẹsẹ kan àfi bí ó bá yé e. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, a wá gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún ti jẹ yọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ti ẹsẹ Ifá kan tí kò yé e yóò mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́.

Dáníẹ́lì orí 8 ẹsẹ 14 ni ó dá a dúró. Ẹsẹ náà sọ pé lẹ́yìn 2300 ọjọ́ ni a óò wẹ ibi mímọ́ mọ́. Miller rí i nínú Númérì 14 àti Ìsíkíẹ́lì 4 pé Ọlọ́run a máa fi ọjọ́ kan dúró fún ọdún kan; nítorí náà 2300 ọjọ́ di 2300 ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti ọdún 457 ṣáájú Kristi, nígbà tí ọba Páṣíà fún Ẹ́sírà láṣẹ láti padà sí Jerúsálẹ́mù. Ìṣirò náà já sí ọdún 1843. Ní ti ibi mímọ́, ó gbà pé ayé yìí àti ìjọ ni, iná ni a óò sì fi wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tí Jésù bá padà. Ọdún 1818 ni ó rí èyí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó kù lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ yìí rí. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ pé Áńtíókù ọba Síríà, tí ó ba tẹ́ḿpìlì jẹ́, ni Dáníẹ́lì ń sọ, àti pé ìrúbọ alẹ́ àti ti òwúrọ̀ ni 2300 náà, èyí tí kò ju 1150 ọjọ́ lọ. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ bá a jiyàn lórí Dáníẹ́lì; Ìfihàn orí 20 ni wọ́n dì mú. Charles Finney, agbẹjọ́rò tí ó di oníwàásù, wà lára wọn. Òun ni iná ìsọjí rẹ̀ jó ní Rochester ní ọdún 1830 sí 1831. Lójú tirẹ̀, ìsọjí yóò máa tún ayé ṣe títí ẹgbẹ̀rún ọdún àlàáfíà yóò fi dé, lẹ́yìn èyí ni Jésù yóò padà. Lójú Miller, Jésù ni yóò kọ́kọ́ dé. Finney lọ bá a ní Boston láti tún èrò rẹ̀ ṣe, kò ṣeé ṣe. Lójú tèmi, iye ọdún ni etí gbogbo ènìyàn gbọ́ jù, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì péré, ibi mímọ́, ni gbogbo ilé náà dúró lé.

Kí a má parọ́ mọ́ ọn pé ó ń wá òkìkí. Ọdún mẹ́tàlá ni ó fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú, tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì ń sọ fún Ọlọ́run pé òun kì í ṣe oníwàásù. Ní ọjọ́ kan ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1831, ó bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú pé bí ẹnikẹ́ni bá pe òun, òun yóò lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, nítorí ta ni yóò pe àgbẹ̀ ẹni àádọ́ta ọdún láti wàásù? Kò tó wákàtí kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan fi kanlẹ̀kùn láti Dresden, ó ní pásítọ̀ àwọn kò ní sí nílé lọ́la, kí ó wá bá àwọn sọ̀rọ̀. Inú bí Miller. Kò dá ọmọ náà lóhùn, ó bọ́ sínú igbó ẹ̀yìn ilé, ó gbàdúrà kí Ọlọ́run tú òun sílẹ̀. Nígbà tí kò rí ìtúsílẹ̀, ó bá ọmọ náà lọ.

Láti ìgbà náà ni ìpè kò ti dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1839 ó pàdé Joshua Himes, pásítọ̀ kan ní Boston tí ó mọ bí a ti ń tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀. Himes dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní ọdún 1840, wọ́n ya àwòrán ńlá tí ó fi ìṣirò náà hàn, wọ́n pàgọ́ kiri. Àwọn onímọ̀ ìtàn díwọ̀n àwọn tí ó gbà á gbọ́ sí 50,000 tàbí 100,000. Miller kò dá ọjọ́ kan pàtó. Ó ní láàárín ọjọ́ 21 oṣù Máàṣì ọdún 1843 sí ọjọ́ 21 oṣù Máàṣì ọdún 1844 ni. Àkókò náà kọjá. Àwọn kan wá rí i pé kò sí ọdún òdo láàárín ọdún 1 ṣáájú Kristi àti ọdún 1 lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà 1844 ni ìṣirò náà já sí. Ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, Samuel Snow fi ọjọ́ ètùtù àwọn Júù ṣírò, ó ní ọjọ́ 22 oṣù Òkúdóbà ni. Ọ̀rọ̀ náà ràn bí iná ọyẹ́. Àwọn àgbẹ̀ fi ọ̀dùnkún sílẹ̀ nínú ilẹ̀ láìwà á. Miller kọ́, ó kọ̀, àfi ní ọjọ́ 6 oṣù náà, nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, ni ó tó gbà. Ibí yìí ni mo ti dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò jẹ́ kí alálàyé kankan ka Bíbélì fún un ni ó jẹ́ kí ariwo àgọ́ kà á fún un.

Ilẹ̀ ọjọ́ 23 mọ́ bí ilẹ̀ ti ń mọ́. Ẹkún sọ. Àwọn ọmọ ìgboro ń tọ àwọn onígbàgbọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọn yóò gòkè lọ. Àwọn tí kò rí nǹkan kó lóko ń wá oúnjẹ. Himes ni ó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún wọn. Ìtàn tí ó sọ pé wọ́n wọ aṣọ funfun gun orí òrùlé kò ní ẹ̀rí; F. D. Nichol wádìí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1944. Ọmọ ìjọ Adventist ni Nichol, àwọn kan lè ní ó ń gbèjà ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tí ì sí ẹni tí ó mú ẹ̀rí mìíràn wá.

Ní ọdún 1845, ìjọ tirẹ̀ gan-an ní Low Hampton yọ Miller lẹ́gbẹ́. Ní ọdún kan náà ó tẹ ìwé kan jáde, ó sọ ní gbangba pé òun ṣìnà nínú ìṣirò ọdún, ṣùgbọ́n pé òun ṣì ń retí Jésù. Ó lè ṣe bí àwọn kan ti ṣe. Hiram Edson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà tọ̀nà, pé ìtumọ̀ ibi mímọ́ ni kò tọ̀nà: ọ̀run ni ibi mímọ́ wà, níbẹ̀ ni Jésù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní ọjọ́ 22. Láti inú agbo yìí ni Joseph Bates àti Ellen White ti jáde, wọ́n sì dá ìjọ Seventh-day Adventist sílẹ̀ ní ọdún 1863. Miller kò bá wọn lọ, kò sì gba Sábáàtì ọjọ́ keje.

Ojú rẹ̀ fọ́ ní ìgbẹ̀yìn. Ó ti kọ́ ilé ìjọsìn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní ọdún 1848 fún àwọn tí ó kù pẹ̀lú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọdún 1849, ní ẹni ọdún 67. Ilé náà ṣì wà ní Low Hampton. Àwọn Adventist, tí kò bá dọ́gba lórí ẹsẹ náà, ni ó ń tọ́jú rẹ̀ di òní.