Wilbur Wright àti Ọkọ̀ Alápá Rẹ̀

Ní ọdún 1867, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Wilbur Wright. Oníwàásù ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀. Wilbur ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Orville. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n jọ ń ṣeré, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́.

Ní ọdún 1878, bàbá wọn ti ìrìn àjò dé. Ó mú ohun ìṣeré kékeré kan wá fún wọn. Oparun àti bébà ni wọ́n fi ṣe é. Rọ́bà tí wọ́n lọ́ ló ń mú un yí. Bí wọ́n bá jù ú sókè, kì í tètè já bọ́. Ńṣe ló máa ń fò. Inú àwọn ọmọ náà dùn púpọ̀. Nígbà tí ó bàjẹ́, wọ́n ṣe òmíràn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó tóbi kò fò dáadáa. Kí ló dé tí kékeré ń fò, tí ńlá kò sì lè fò? Ọ̀rọ̀ náà yà wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí wọ́n dàgbà, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Dayton. Wọ́n ń ta kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ní ọdún 1896, wọ́n gbọ́ ìròyìn burúkú kan. Ọkùnrin kan wà ní Jámánì tó ń jẹ́ Otto Lilienthal. Ó máa ń so apá ńlá mọ́ ara, á sì ti orí òkè fò. Lọ́jọ́ kan, ó já bọ́, ó sì kú. Wilbur ronú gidigidi. Ó rí i pé kí ènìyàn ní apá nìkan kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ fò gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń darí ọkọ̀ nínú atẹ́gùn, bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ṣe ń darí kẹ̀kẹ́ kó má baà ṣubú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹyẹ. Ó rí i pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ dojú ẹyẹ dé, ẹyẹ á yí ṣóńṣó apá rẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó mú páálí gígùn kan lọ́wọ́, ó sì ń lọ́ ọ. Igun kan lọ sókè, igun kejì lọ sílẹ̀. Wilbur rí i pé òun lè lọ́ apá ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò kánjú ṣe ńlá. Ní ọdún 1899, ó kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ alápá kékeré. Apá rẹ̀ gùn tó mítà kan ààbọ̀. Ó so okùn mọ́ ọn, atẹ́gùn sì gbé e sókè. Nígbà tó fa okùn, apá náà lọ́, ọkọ̀ kékeré náà sì yà síbi tí Wilbur fẹ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìgbà náà ni Wilbur tó bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ alápá ńlá, èyí tó lè gbé ènìyàn. Kò ní ẹ́ńjìnì. Atẹ́gùn ni yóò gbé e. Igi ni egungun rẹ̀, aṣọ ni awọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti fò ó? Wilbur gbọ́ nípa Kitty Hawk, abúlé kan létí òkun. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa, iyanrìn ibẹ̀ sì rọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn sí Dayton. Báwo ni ènìyàn ṣe lè gbé apá tó gùn ju mítà 5 lọ síbẹ̀? Wilbur kò to ọkọ̀ náà pọ̀ nílé. Ó gé igi, ó rán aṣọ, ó sì di ẹrù rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900, ó wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó fẹ́ ra àwọn igi tó gùn jù lọ lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé ìlú Norfolk, kò rí igi tó gùn tó èyí tó ń wá. Ó ra èyí tó kúrú díẹ̀.

Ó ku omi ńlá kan láti sọdá. Ọkùnrin kan gbà láti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e. Ọkọ̀ náà ti gbó, ó dọ̀tí, ó sì ń jò. Ní alẹ́, ìjì dé. Ìgbì ń gbá ọkọ̀, omi ń wọlé, wọ́n sì ń gbọ́n ọn dànù. Bí ọkọ̀ bá rì, Wilbur àti ẹrù rẹ̀ lè bá omi lọ. Níkẹyìn, wọ́n sá sí ibi tí omi ti dákẹ́. Oúnjẹ inú ọkọ̀ kò wu Wilbur jẹ. Èso tí wọ́n fi ṣúgà sè, tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Katharine, fi sínú ẹrù rẹ̀, nìkan ló jẹ.

Ní Kitty Hawk, ìdílé Tate gbà á sílé. Nítorí pé igi kúrú, aṣọ ti gùn jù. Wilbur gé aṣọ náà, ó sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ilé náà tún un rán. Lẹ́yìn náà, Orville dé bá a.

Wọ́n gbé ọkọ̀ alápá lọ sórí iyanrìn. Ó wúwo tó kílò 24. Lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn já a gbà, ó gbé e ṣánlẹ̀, ó sì fọ́. Wọ́n ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta tún un ṣe. Kí wọ́n tó pa dà sílé, Wilbur dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì fò. Wọ́n fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá ilé náà tú aṣọ kúrò lára apá rẹ̀, ó sì fi rán aṣọ fún àwọn ọmọbìnrin rẹ̀.

Ní ọdún 1901, wọ́n ṣe ọkọ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ṣe dáadáa. Ọkàn Wilbur bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n tún pa dà sí kékeré. Wọ́n ṣe apá kéékèèké lóríṣiríṣi, wọ́n sì ń wo èyí tí atẹ́gùn gbé jù. Ní ọdún 1902, wọ́n ṣe ọkọ̀ kẹta. Apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 10. Èyí fò dáadáa, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà.

Nígbà náà ni wọ́n fi ẹ́ńjìnì sí ọkọ̀ tuntun. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903, Orville kọ́kọ́ fò fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Lọ́jọ́ kan náà, Wilbur fò fún ìṣẹ́jú àáyá 59.

Ní ọdún 1908, Wilbur lọ sí ilẹ̀ Faransé. Inú àpótí ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ wà kọjá òkun. Nígbà tó ṣí àpótí ní ìlú Le Mans, ọ̀pọ̀ nǹkan ti fọ́, aṣọ sì ti ya. Àwọn kan ń sọ pé irọ́ ló ń pa, pé kò lè fò. Wilbur gbé abẹ́rẹ́ àti òwú. Ó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tún ọkọ̀ ṣe. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, ó gòkè, ó yí po lójú òfuurufú, ó sì balẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, ṣùgbọ́n ariwo ayọ̀ sọ.

Wilbur kú ní ọdún 1912. Ọmọ ọdún 45 ni. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú òde òní tóbi púpọ̀. Síbẹ̀, apá ni awakọ̀ fi ń darí wọn nínú atẹ́gùn, bí Wilbur ṣe kọ́kọ́ fi okùn darí ọkọ̀ kékeré rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ni bàbá Wilbur mú bọ̀ láti ìrìn àjò?
2. Kí ló dé tí Wilbur fi gé aṣọ ọkọ̀ rẹ̀ kúrú?
3. Kí ni Wilbur ṣe nígbà tó rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ ti fọ́ ní Le Mans?