Ta Ni Hodgkin Tó Wà Nínú C81?

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti jókòó ti ìwé ICD-10 rí á mọ C81, ìyẹn àrùn Hodgkin, jẹjẹrẹ tó máa ń mú kí kókó ọrùn àti ti abíyá wú. Láti C82 títí dé C85, èyí tí kì í ṣe ti Hodgkin la ń kọ. Ta wá ni ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pín àìsàn sọ́nà méjì yìí?

Ọdún 1798 ni wọ́n bí Thomas Hodgkin ní London, sínú ìdílé ọmọ ìjọ Quaker. Ó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh ní 1823. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn Guy's ní London gbà á síṣẹ́ láti máa yẹ òkú wò, kí ó sì máa tọ́jú mùsíọ́ọ̀mù ẹ̀yà ara tó wà níbẹ̀. Bó bá ti la òkú tán, á kọ ohun tó rí sílẹ̀, á fi wé àìsàn tó ṣe olóògbé, á sì fi ẹ̀yà ara tó bá yẹ pa mọ́ sínú ìgò. Ní 1829, ó tẹ ìwé tó to àwọn ohun inú mùsíọ́ọ̀mù náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ní 1832, ó ròyìn aláìsàn 7 tí kókó ara àti ọlọ inú wọn wú. Ojú lásán ló fi wò wọ́n, kò lo máíkírósíkóòpù. Ó ní inú kókó náà gan-an ni àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, pé kì í ṣe àìsàn mìíràn ló fà á. Ìwọ̀nba ènìyàn ló kọbi ara sí i.

Ní 1837, wọn kò fún un ní ipò tó ń wá ní Guy's. Ó ti bá Benjamin Harrison, ọ̀gá ibẹ̀, ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí ìyà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń jẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Hudson's Bay, èyí tí Harrison lọ́wọ́ sí. Hodgkin fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Samuel Wilks ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Òun náà ti rí àìsàn yìí, ó ti rò pé òun ni ẹni àkọ́kọ́, kó tó kan ìwé Hodgkin. Ní 1865, ó fi orúkọ Hodgkin pe àrùn náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìgbẹ́ ọ̀rìn pa Hodgkin ní Jaffa, níbi tó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, Moses Montefiore, rìnrìn àjò dé.

Ní 1926, Herbert Fox fi máíkírósíkóòpù wo ẹ̀yà ara tó kù nínú ìgò Hodgkin. Àrùn Hodgkin wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ọpẹ́lọpẹ́ àkọsílẹ̀ àti ìgò wọ̀nyẹn, òkú tó ti lé ní 90 ọdún ṣì rí àyẹ̀wò tó tọ́ gbà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, lónìí, ìtọ́jú C81 yàtọ̀ sí ti C85. Dókítà lè ṣì í mọ̀ lónìí. Bí fáìlì bá pé, ẹlòmíràn á tún un ṣe lọ́la. Bí a bá kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, kí ni yóò fi tún un ṣe?