Agbẹjọ́rò kan ní Naples: Ẹni Mímọ́ Alphonsus Liguori

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ Ẹni Mímọ́ Alphonsus nítorí àṣàrò Ọ̀nà Àgbélébùú tí ó kọ. Kì í ṣe gbogbo wa ni ó mọ̀ pé agbẹjọ́rò ni kí ó tó di àlùfáà, àti pé ẹjọ́ ilẹ̀ kan ni ó lé e kúrò nínú iṣẹ́ náà.

A bí i ní Marianella, lẹ́bàá ìlú Naples, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1696, sínú ìdílé ọlọ́lá. Baba rẹ̀, Don Giuseppe, jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ọba, ó sì ti pinnu pé òfin ni àkọ́bí òun yóò kọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1713, nígbà tí ọmọ náà ṣì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú òfin méjèèjì, èyíinì ni òfin ìlú àti òfin Ìjọ. A ní láti fún un ní àṣẹ pàtàkì nítorí pé kò tíì tó ọjọ́ orí. Aṣọ oyè náà tóbi jù ú lọ, ó bò ó mọ́lẹ̀ dé ẹsẹ̀, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín.

Kí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ irú òfin tí ó wà ní Naples nígbà náà. Ítálì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan. Ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà níbẹ̀, ọba àjèjì ni ó sì ń jẹ lórí Naples, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí ọba bá kọjá lọ, òfin rẹ̀ kì í bá a lọ. Òfin Róòmù, tí Ọba Ńlá Justinian kó jọ láàárín ọdún 529 sí 534, ni ìpìlẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní Bologna ni ó sọ ọ́ jí ní nǹkan bí ọdún 1100. Àwọn Lombard ní òfin tiwọn, èyí tí Ọba Rothari mú kí a kọ sílẹ̀ ní ọdún 643. Frederick Kejì ṣe ìwé òfin ní Melfi ní ọdún 1231. Àwọn ọba ìdílé Anjou dé ní ọdún 1266, wọ́n fi ìlànà tiwọn kún un. Àwọn ará Aragon àti àwọn ajẹ́lẹ̀ ọba Spéìn náà kò gbẹ́yìn. Òfin gorí òfin, bí ẹní tí a tẹ́ lé ẹní, kò sì sí ẹni tí ó ká ti ìsàlẹ̀ kúrò.

Nítorí náà, bí ẹjọ́ bá dé, ìjà àkọ́kọ́ ni láti mọ òfin tí a ó fi dá a. Bí ilẹ̀ tí ọba fi fún ọlọ́lá kan bá wà lábẹ́ òfin Lombard, gbogbo àwọn ọmọkùnrin ni yóò pín in. Bí ó bá wà lábẹ́ òfin àwọn Frank, àkọ́bí nìkan ni yóò jogún rẹ̀. Ilé ńlá kan lè dìde tàbí kí ó wó lórí ìbéèrè yìí nìkan. Castel Capuano ni a ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ààfin àtijọ́ tí ajẹ́lẹ̀ Pedro de Toledo kó gbogbo kóòtù ìlú náà sí ní nǹkan bí ọdún 1540. Àwọn adájọ́ kì í sọ ìdí tí wọ́n fi dá ẹjọ́ bí wọ́n ti dá a. Ẹni tí ó jẹ̀bi yóò kàn gbọ́ pé òun jẹ̀bi ni.

Níbẹ̀ ni Alphonsus ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì sọ pé fún ọdún bíi mẹ́jọ kò pàdánù ẹjọ́ kan. Ó kọ ìlànà sílẹ̀ fún ara rẹ̀: kò gbọdọ̀ gba ẹjọ́ tí kò tọ́, kò gbọdọ̀ ná owó oníbàárà ní ìnákúnàá, ó gbọdọ̀ ka gbogbo ìwé ẹjọ́ yékéyéké, bí àìkíyèsí agbẹjọ́rò bá sì fa àdánù, òun ni yóò san án padà. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù lójú mi.

Ní ọdún 1723, ó gba ẹjọ́ ìdílé Orsini ti Gravina lórí ilẹ̀ oyè Amatrice, wọ́n sì ń bá ìjòyè ńlá tí ń jọba ní Tuscany ṣe é. Ìwé ìtàn sọ pé iye rẹ̀ kò dín ní 500,000 ducat. Alphonsus sọ̀rọ̀, ó dùn létí gbogbo ènìyàn, ó sì jókòó. Agbẹjọ́rò kejì kò bá a jiyàn púpọ̀. Ó kàn fi ìwé kan hàn án, ó ní kí ó tún un kà. Ohun tí a ń wá ni bóyá abẹ́ òfin Lombard ni ilẹ̀ náà wà tàbí abẹ́ ìlànà Anjou. Alphonsus ti ka ìwé náà nígbà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ òdìkejì ni ó ti ń fún un. Ó gbà níwájú adájọ́ pé òun ti ṣì í, ó jáde, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò sì jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Àwọn òpìtàn kan rò pé agbára àwọn ọlọ́lá ti wọ inú ẹjọ́ náà kí adájọ́ tó jókòó. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n mo gbà pé òkìtì òfin náà fúnra rẹ̀ tó láti gbé ọlọgbọ́n ṣubú. Ọdún 1774 ni ìjọba Ọba Ferdinand tó pàṣẹ kí àwọn adájọ́ máa ṣàlàyé ìdájọ́ wọn. Ọdún 1806 ni a pa òfin ilẹ̀ oyè rẹ́ ní Naples. Ọdún 1865 sì ni ìwé òfin kan ṣoṣo tó jáde fún gbogbo Ítálì.

Alphonsus kò padà sí kóòtù mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1723 kan náà, lẹ́yìn tí ó ti bẹ àwọn aláìsàn tí àrùn wọn kò gbóògùn wò, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi idà ọlọ́lá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ Ìyá wa. Baba rẹ̀ sunkún, ó sì bínú. Ó di àlùfáà ní ọdún 1726; ní ọdún 1732 ó dá Ìjọ Olùràpadà sílẹ̀ ní Scala, láti máa wàásù fún àwọn darandaran àti àwọn ará oko tí a ti gbàgbé. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìwà rere, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1748, fi hàn pé agbẹjọ́rò kò kú nínú rẹ̀: ó wádìí ohun tí ẹ̀rí ọkàn yẹ kí ó ṣe nígbà tí òfin kò bá dájú. Kò fẹ́ kí àwọn olùgbọ́ ìjẹ́wọ́ di ẹrù ìyèméjì lé tálákà lórí.

Ìwé kan tún dé ní òpin ayé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba ní Naples kò fẹ́ ìjọ tuntun láìsí àṣẹ ọba, a sì tún ìlànà ìjọ náà kọ kí ọba lè fi ọwọ́ sí i. Wọ́n gbé e wá fún Alphonsus. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, etí rẹ̀ ti di, lẹ́tà ìwé náà sì kéré púpọ̀. Ó gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tí ó mú un wá, ó sì fọwọ́ sí i. Àwọn ìlànà pàtàkì ìjọ náà ni wọ́n ti yí padà nínú rẹ̀. Ọba fi àṣẹ sí i ní ọdún 1780. Ní ọdún kan náà Póòpù Pius Kẹfà kéde pé àwọn ilé tí ó wà ní ilẹ̀ Póòpù nìkan ni ìjọ náà. Báyìí ni olùdásílẹ̀ ṣe bá ara rẹ̀ lóde ìjọ tí ó dá sílẹ̀.

Ó kú ní Pagani ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1787, ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1793 a so àwọn ilé Naples pọ̀ mọ́ àwọn ìyókù.