Túndé King: Aṣáájú Orin Jùjú

Abdulrafiu Bàbátúndé King, tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Túndé King, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa orin gbà pé ó fi ìpìlẹ̀ orin jùjú lélẹ̀. Akọrin ni, onígìtá ni, olórí ẹgbẹ́ eléré sì ni pẹ̀lú. Lóde òní, òkìkí rẹ̀ kò tó ti I. K. Dáíró, Ebenezer Obey tàbí Sunny Adé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí ó là ni àwọn wọ̀nyí tọ̀. Ìdí kan pàtàkì ni pé nígbà tí orin náà ń gbèrú, ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sí nílé.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Wọ́n bí Túndé King ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, ọdún 1910 ní Olówógbowó, ní Erékùṣù Èkó. Àdúgbò àwọn Sàró ni Olówógbowó. Àwọn Sàró ni àtọmọdọ́mọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n tẹ̀dó sí Freetown ní Sierra Leone kí wọ́n tó padà sílé. Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n inú ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n bí Túndé sí. Bàbá rẹ̀, Ibrahim Sanni King, jẹ́ akọ̀wé àgbà ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìlaró, ó sì ti gbé ní Fourah Bay ní Freetown rí. Túndé kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ní Eko Boys' High School. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni ó kọ́ ọ ní gìtá.

Ẹgbẹ́ eléré àti orúkọ jùjú

Ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní òpópónà West Balógun ni òun àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti máa ń pàdé láti ṣeré. Orin ìdí ẹmu ni ó gbòde nígbà náà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1929, King ti di akọ̀wé lójú ọ̀sán, ó sì ń bá ẹlòmíràn méjì ṣeré nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Gìtá, ìlù sáńbà onígun mẹ́rin àti maracas ni ohun èlò wọn. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ náà gbòòrò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ìlù pẹlẹbẹ olójú kan tí a fi ṣaworo sí létí sì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú.

Lámídì George ni ó ń lu ìlù yìí. Ìtàn kan sọ pé ó máa ń jù ú sókè, tí yóò sì tún hán an, àti pé láti inú jíjù yìí ni orúkọ jùjú ti wáyé. Àwọn mìíràn so orúkọ náà mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fi ń pe oògùn àti òrìṣà. Èyí ó wù kó jẹ́, orúkọ náà mọ́ ìlù, ó sì mọ́ orin.

Ilé àwọn ọlọ́lá Èkó ni King ti sábà ń ṣeré, níbi ìnáwó àti àìsùn òkú. Ohùn òkè ni ó fi ń kọrin, ó ń fi òwe àti oríkì yin ẹni tí ó pè é. Nígbà tí Dókítà Ògúntọ́lá Sápárá, tí ó bá àrùn ṣànpọ̀nná jà, kú ní ọdún 1935, King kọrin láti ṣe ìdárò rẹ̀. Ní ọdún 1936, ilé-iṣẹ́ Parlophone gba orin rẹ̀ sínú àwo, òkìkí rẹ̀ sì kọjá ilé àwọn olówó.

Ìrìn àjò àti ìpadàbọ̀

Ní ọdún 1939, ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, King wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi oníṣòwò. Ó di àwátì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn èbúté tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé, bí Dakar àti Conakry, ni ó ti ń ṣeré kiri.

Orin jùjú kò dúró dè é. Ní nǹkan bí ọdún 1948, Àkànbí Wright mú gángan wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1949, Àyìndé Bákàrè lo ẹ̀rọ iná mànàmáná láti gbé ohùn gìtá sókè. Orin tí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń ṣe nínú yàrá di èyí tí ó lè kún agboolé. Nígbà tí King padà dé ní ọdún 1954, orin tí ó fi sílẹ̀ ti di orin mìíràn, ipò iwájú sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Kò rí ipò náà gbà padà títí ó fi kú.

Ogún tí ó fi sílẹ̀

Síbẹ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò parun. Olórí ẹgbẹ́ tí ó ń ta gìtá tí ó sì ń dá orin, àwọn elégbè tí ń gbè é, òwe Yorùbá, àti yínyin àlejò lójú agbo: gbogbo ìwọ̀nyí ṣì ni òpó orin jùjú. Àwọn àwo ọdún 1936 ni ó jẹ́ kí a lè gbọ́ bí orin náà ti rí kí gángan àti iná mànàmáná tó dé. Bí kò bá sí àwọn àwo wọ̀nyí ni, orúkọ nìkan ni ìbá kù nínú iṣẹ́ Túndé King.